Ọrùn Mi Kò Dọ̀tí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá di ṣùkú lọ́dọ̀ mi. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Mo tẹ orí rẹ̀ síwájú kí n lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, ó sì yára fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, mo wẹ̀ kí n tó wá."

Mo rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo ti mọ ohun tí màá rí kí n tó rí i. Ọrùn náà dúdú ju ara yòókù lọ, ó nípọn, ó ní ìlà wẹ́wẹ́, téèyàn bá sì fọwọ́ kàn án, bí àrán ló ṣe rí. Ọrùn tèmi gan-an ni.

Ibi tí mo ti ń dirun kò jìnnà sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà. Ó di ọdún méje tí mo ti gba òmìnira. Àwa onídìrí máa ń rí ohun tí ọkọ ò rí lára aya. À ń rí ìpàkọ́, à ń rí abẹ́ àgbọ̀n, à ń rí ibi tí irun ti ń re. Ṣùgbọ́n dígí ló wà níwájú wa láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí náà ojú ara wa là ń rí jù. Ẹni tó bá ní irorẹ́, tó tún lọ yan iṣẹ́ tó ní dígí ńlá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ra ìyà ni.

Irorẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà ní girama, bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ mi. Iwájú orí ló ń yọ sí nígbà náà. Wọ́n ní yóò lọ tó bá yá. Ti àwọn tó kù lọ. Tèmi kó ẹrù rẹ̀, ó ṣí lọ sí àgbọ̀n. Kì í ṣe àwọn kéékèèké tó máa ń ní orí funfun ni mò ń sọ o. Àwọn tó máa ń wú sínú bí oówo ni, tí kì í lórí, tí wọ́n á máa ta èèyàn tó bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn. Bí ọ̀kan bá lọ, á fi àpá dúdú sílẹ̀ tí yóò lo oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó parẹ́.

Àwọn oníbàárà mi kì í panu mọ́. "Àǹtí, ẹ lọ lọ́kọ, yóò lọ." "Ẹ̀jẹ̀ yín ló gbóná." "Ẹ̀pà ni, ẹ má jẹ ẹ̀pà mọ́." Ìyá kan tiẹ̀ sọ fún mi pé ìrònú ọkùnrin ló ń yọ sí mi lójú. Mi ò tíì gbowó irun lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà mo rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá, mo ra ìpara. Obìnrin tó ń pò ó kì í kọ nǹkan kan sára ike rẹ̀. Ó ń da oríṣi mẹ́ta, mẹ́rin pọ̀ sínú abọ́ ni, á wá fi ṣíbí rò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ojú mi dán bí ẹyin. Mo ya fọ́tò bí ẹni tó ń ṣe ìyàwó. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta, awọ ojú mi ti fẹ́lẹ́, oòrùn ń jó mi, ooru ẹ̀rọ ìgbẹrun lásán ń jó mi, irorẹ́ wẹ́wẹ́ sì sú bo ojú mi látòkè délẹ̀. Mo dá a dúró, ó tún burú sí i. Dókítà tí mo lọ bá nígbẹ̀yìn ló sọ fún mi pé steroid ló sábà máa ń wà nínú irú àdàlù bẹ́ẹ̀. Steroid máa ń pa wíwú lójú ẹsẹ̀, tó bá yá, á sọ awọ di tín-ín-rín, á tún fa irorẹ́ tirẹ̀. Ó ní hydroquinone tí wọ́n fi ń bóra náà, NAFDAC kò fẹ́ kó ju ìdá 2 nínú 100 lọ nínú ìpara. Ta ló wọ̀n ọ́n nínú abọ́ yẹn?

Ìpara kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣá.

Nǹkan tó ń ṣe mí gan-an, oríire ni mo pè é. Nǹkan oṣù mi kì í wá lóṣooṣù. Ó lè lo àádọ́rin ọjọ́, ó sì lè di oṣù mẹ́ta. Inú máa ń run àwọn tá a jọ ń kọ́ṣẹ́, wọ́n á máa sáré lọ ra páàdì, èmi á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní Ọlọ́run ló dá mi sí. Nígbà tó yá, irun méjì, mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í hù lábẹ́ àgbọ̀n mi, irun líle. Ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń tún ìpéǹpéjú ṣe fún àwọn ìyàwó ni mo fi ń tu ún láràárọ̀ kí ọmọṣẹ́ mi tó dé. Ọrùn mi ń dúdú. Ikùn mi ń yọ. Mo rò pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn.

Ti ọrùn ló dun màámi jù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí àbúrò bàbá mi ń gbéyàwó, aṣọ tí wọ́n rán fún mi sì ṣí ọrùn sílẹ̀. Màámi wo ẹ̀yìn mi, ó tún un wò, ó ní kí n lọ jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé. Ọṣẹ dúdú, omi ọsàn wẹ́wẹ́, kànrìnkànrìn tuntun. "Ṣé ọwọ́ rẹ kì í dé ibí tó o bá ń wẹ̀ ni? Kí ni wọ́n á máa pe èmi ìyá rẹ?" Ó bó mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí ara gbẹ, àfi bíi pé ó tún dúdú sí i. Ìborùn ni mo fi bò ó lọ síbi ìgbéyàwó náà, nínú ooru yẹn.

Nọ́ọ̀sì kan tí mò ń dirun fún ló kọ́kọ́ fura sí ohun tó ń ṣe mí. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wá. Lọ́jọ́ kan tí kò sí ẹlòmíràn nítòsí, ó wò mí nínú dígí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́?" Mo rò pé ó ń bi mí bóyá mo lóyún ni. Ó ní rárá. Ó wo àgbọ̀n mi, ó wo ọrùn mi, ó ní kí n lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild.

Dókítà náà kò fọwọ́ kan irorẹ́ mi. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù mi dé kẹ́yìn ló kọ́kọ́ bi mí, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Ó wọ̀n mí: kílò 84. Ó ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ láìtíì jẹun, kí wọ́n wo ṣúgà, kí wọ́n wo oríṣiríṣi họ́mónù. Ó ní kí n ṣe scan. Mo mu omi títí inú mi fẹ́ bẹ́. Lórí ẹ̀rọ, àpò ẹyin mi méjèèjì tóbi, àwọn ẹyin wẹ́wẹ́ sì tò sí etí wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Mo ní ó rẹwà. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹyin tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà tí kò sì gbó ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ló yẹ kó máa gbó lóṣooṣù, kó sì bọ́ sílẹ̀.

PCOS ni wọ́n ń pè é, ìyẹn polycystic ovary syndrome. Orúkọ náà ń tan ni jẹ, torí "cyst", ìyẹn kókó olómi, ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí kókó àìsàn kankan nínú mi, ẹyin tí kò gbó lásán ni. Dókítà méjì ní Chicago, Stein àti Leventhal, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1935, lórí obìnrin méje. Ní 2003, àwọn dókítà pàdé ní Rotterdam, wọ́n fẹnu kò pé bí obìnrin bá ní méjì nínú mẹ́ta yìí, tí wọ́n sì ti wò ó pé kì í ṣe àìsàn mìíràn, ó ní in: nǹkan oṣù tó ń fò, àmì pé họ́mónù akọ pọ̀ lára rẹ̀, àti àpò ẹyin tó rí bí tèmi lórí ẹ̀rọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ní. Mo yege. WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ pé tá a bá kó 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn tó bímọ jọ, 10 sí 13 nínú wọn ló lè ní in, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Ẹ wá wo iye orí tó ń gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá lọ́sẹ̀ kan.

Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló. Ẹni tí kì í bá ṣe Ìjẹ̀ṣà lè má mọ̀: àwọn tó ń ru aṣọ lọ sí ìlú àwọn ẹlòmíràn, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, wọ́n á ní òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó. Bí dókítà ṣe ń ṣàlàyé ínsúlínì fún mi, bàbá àgbà ni mò ń rí.

Tí oúnjẹ bá ti dà, ṣúgà á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpò oúnjẹ á rán ínsúlínì jáde pé kó máa kanlẹ̀kùn káàkiri ara: ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gba ṣúgà wọlé. Lára ẹlòmíràn, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò kàn án tí wọ́n á ṣí. Lára èmi àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ní PCOS, onílé ti di ọ̀dájú, ó ń gbọ́ kò dáhùn. Ínsúlínì á bá lóṣòó. Ara á tún rán méjì sí i, á rán mẹ́wàá. Ṣúgà á padà wọlé o, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ṣúgà tèmi fi dára. Ṣùgbọ́n òṣómàáló ti kún ojúde, ariwo wọn sì ti dé agboolé kejì.

Agboolé kejì ni àpò ẹyin. Bí ínsúlínì bá pọ̀ níbẹ̀, àpò ẹyin á máa ṣe họ́mónù akọ ju bó ti yẹ lọ. Gbogbo obìnrin ló ní họ́mónù yìí níwọ̀nba, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èròjà kan wà tí ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe, tó máa ń di testosterone, ìyẹn họ́mónù akọ náà, mú nínú ẹ̀jẹ̀ kó má bàa máa ṣe bó ṣe wù ú. Ínsúlínì tó pọ̀ jù á dín èròjà náà kù, testosterone á já okùn. Ó dé ibi tí ọ̀rá ti ń jáde lójú àti lágbọ̀n, ọ̀rá pọ̀, ihò ara dí, kòkòrò tó ti ń gbé lára wa jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí ibùjókòó, ibẹ̀ wú. Irun àgbọ̀n le. Ẹyin ò gbó, nǹkan oṣù fò. Ní ti ọrùn, ínsúlínì fúnra rẹ̀ ló ń mú kí awọ máa hù jù níbi tó bá ti ń ká: ẹ̀yìn ọrùn, abíyá, abẹ́ ọyàn. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Kò sí kànrìnkànrìn tó lè bó o.

Mo sunkún níbẹ̀. Kì í ṣe nítorí àìsàn, ọjọ́ àpótí yẹn ni mo rántí.

Ó ní kí n má pe nǹkan oṣù tó ń fò ní oríire mọ́. Tí kò bá wá fún oṣù púpọ̀, ohun tó yẹ kó máa ṣí kúrò nínú ilé ọmọ á máa nípọn síbẹ̀, tó bá sì pẹ́ lọ́dún lọ́dún, ó lè di jẹjẹrẹ. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má fi àgàn dẹ́rù bà mí, pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ló ń bímọ, pé kò sì yẹ kí n gbẹ́kẹ̀ lé e pé mi ò lè lóyún. Mo bo ojú mi. Ó lọ síwájú.

"Kí lo jẹ lánàá?"

Mo kà á fún un. Aago mọ́kànlá, búrẹ́dì àti mínírà tútù, torí bí orí bá wà lọ́wọ́ onídìrí, kò lè dìde lọ wá oúnjẹ gidi. Aago méjì, pọ́fù-pọ́fù márùn-ún. Aago márùn-ún, gàárì tútù pẹ̀lú ṣúgà àti mílìkì. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, iyán. Ó ní kí n tún ti mínírà sọ. Ìgò 50cl? Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà mìíràn méjì. Ó ní nínú ọ̀pọ̀ wọn, ṣúgà inú ìgò kan lé ní 50 gíráàmù, ó tó kóró ṣúgà mẹ́wàá. Mo wò ó. Tẹ́nì kan bá ju kóró mẹ́wàá sínú tíì mi, màá ní ó fẹ́ pa mí ni.

Iyán ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé. Oníyán ni màámi. Iyán náà ló fi rán mi níléèwé, òun ló fi sanwó iṣẹ́ tí mo kọ́. Ó ní, "Ṣé dókítà yẹn mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ni wá?" Ó wá bẹ̀rẹ̀ èyí tó máa ń sọ fún àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀: iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú.

Mo ní, "Màámi, mínírà ò sí níbẹ̀."

Ó dákẹ́.

Dókítà ò sì kúkú ní kí n má jẹ iyán. Ohun tó sọ ni pé iṣu tí wọ́n ti gún ti rọ̀ tán kó tó dọ́nà ọ̀fun, kì í pẹ́ di ṣúgà, nítorí náà kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀, kí n sì jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn náà ni mo rí nǹkan kan kà lórí fóònù. Ní 2002, Loren Cordain àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ará erékùṣù Kitava ní Papua New Guinea. Èèyàn 1,200 ni wọ́n yẹ awọ wọn wò, tọmọdé tàgbà, wọn ò rí ẹyọ ẹnì kan tó ní irorẹ́. Kí ni wọ́n ń jẹ? Iṣu, ọ̀dùnkún, kókò, èso, àgbọn, ẹja. Mo kà á fún màámi. Ó fò sókè: "Iṣu! Mo ti sọ fún ọ!" Mo ní kó jẹ́ kí n kà á tán, búrẹ́dì àti ṣúgà àti mínírà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. Kò dúró gbọ́ ìyẹn. Ó ti lọ ròyìn iṣu fún àwọn oníyán ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìwádìí mìíràn tún wà láti Australia, ti 2007. Ọmọkùnrin 43 tó ní irorẹ́, ọmọ ọdún 15 sí 25, ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn tí wọ́n fún ní oúnjẹ tí kì í tètè gbé ṣúgà sókè, irorẹ́ tiwọn dín kù ju ti àwọn yòókù lọ. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, ó sì bí mi nínú díẹ̀, torí àwa la ní nǹkan oṣù tó ń yí họ́mónù po. Dókítà ọmọ Nàìjíríà kan, Clement Adebamowo, ló ṣáájú ìwádìí ti 2005 ní Amẹ́ríkà lórí obìnrin 47,355, tí wọ́n bi nípa ohun tí wọ́n ń jẹ nílé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn tó ń mu mílìkì púpọ̀ ló sábà máa ń sọ pé àwọn ní irorẹ́ tó le nígbà náà, pàápàá mílìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀. Mo yọ mílìkì kúrò nínú gàárì mi fún oṣù méjì nítorí rẹ̀. Mi ò rí ìyàtọ̀, mo dá a padà. Ẹ̀pà ńkọ́? Ẹ̀pà yíyan ni mò ń jẹ dípò pọ́fù-pọ́fù ní gbogbo àsìkò tí ojú mi ń jinná, irorẹ́ ò fi tirẹ̀ ṣe.

Ohun tó ṣòro jù kì í ṣe iyán, aago mọ́kànlá ni. Tí ebi bá ń pa ọ́, tí orí kan wà lọ́wọ́, tí ọmọ tó ń ta búrẹ́dì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹyin sísè méjì àti ọ̀ọ̀lẹ̀ ni mo wá ń gbé láti ilé báyìí, àwọn tí kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà ní kí n pè é ní mọ́ínmọ́ín. Ọmọṣẹ́ mi fi mí ṣẹ̀rín fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tó yá ó ń bẹ̀ mí pé kí n máa gbé tòun wá. Omi ni mò ń mu. Mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́ dípò ọ̀kadà, torí ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ṣúgà wọlé láìdúró de òṣómàáló.

Dókítà kọ metformin fún mi. Oògùn yẹn ló ń bá àwọn onílé ọ̀dájú sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, inú mi ń ṣàn. Mo fi ìyàwó tuntun kan sílẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Ti ojú, ìpara irorẹ́ kan tó ń jẹ́ adapalene ni, ìwọ̀nba bí ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú lálẹ́, tí aboyún ò gbọ́dọ̀ lò. Ó bó mi, ó ta mí, irorẹ́ tiẹ̀ kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Mo fẹ́ sọ ọ́ nù. Dókítà ti ní kí n má ṣèdájọ́ rẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ méjìlá, mo sì ń ka ọ̀sẹ̀ náà bí ẹni tó ń ka ọjọ́ ẹ̀wọ̀n.

Ó tún ní kí n ra kàlẹ́ńdà, kí n máa fi bíírò pupa kàn án lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù bá dé. Mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí nínú yàrá. Màámi rí i, ó wọlé, ó mú káàdì ìwọ̀n mi jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n máa ń fi bíírò tọ́ka sí lóṣooṣù tí wọ́n bá wọn ọmọ. Iṣẹ́ dókítà òyìnbó kan, David Morley, ni irú káàdì bẹ́ẹ̀, apá ọ̀dọ̀ wa níbí, Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ló sì ti ṣiṣẹ́ lé e lórí ní nǹkan bí 1950 sí 1960 kó tó di ohun tí ilé ayé ń lò. Ó na káàdì náà sí mi, àmì bíírò ń gùn lọ sókè lórí rẹ̀. Ó ní, "Mi ò fo oṣù kan." Kò tọrọ àforíjì nípa kànrìnkànrìn. Mi ò sì retí rẹ̀.

Kílò 78 ni mí báyìí. Dókítà ti ní kìkì ìdá 5 sí 10 nínú 100 ìwọ̀n ara tó bá lọ lè mú nǹkan oṣù padà bọ̀ sípò. Ti àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ méjìdínláàádọ́ta, ti kejì ní mọ́kànlélógójì, méjì tó kẹ́yìn ò kọjá márùndínlógójì. Inú ń run mí báyìí bíi ti gbogbo ayé, àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gbẹ̀san. Irorẹ́ ṣì ń yọ ní bí ọ̀sẹ̀ kan kí nǹkan oṣù tó dé, ẹyọ kan tàbí méjì, lágbọ̀n lápá òsì. Àpá dúdú ń lọ díẹ̀díẹ̀. Irun àgbọ̀n ò lọ, ẹ̀mú mi ṣì wà nínú àpò. Ọrùn ti rọ̀ sí i, kò dà bí àrán mọ́, àmọ́ ó ṣì dúdú.

Mo fi han ọmọbìnrin ọ̀hún. Mo tú ìborùn mi, mo yí ẹ̀yìn sí i, mo ní kó wò ó. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi ìka kan kàn án. Mo padà sídìí ṣùkú rẹ̀, mo wá bi í bí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe bi mí. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́rin. Ó ní òun rò pé oríire ni.

Ó bi mí pé èló ni scan. Mo sọ iye tí mo san, mo ní kó fi díẹ̀ lé e torí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Ó ní ìyá òun ò ní gbà, pé ìyá òun ní òun kì í wẹ̀ dáadáa ni. Mo ní kó mú ìyá náà wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé. Màámi ni yóò bá a sọ ọ́. Òun ló ní kànrìnkànrìn.